Ọlọ́run ò jẹ wá ní gbèsè o: èsì sí lẹ́tà tó jáde lórí ìgbàgbọ́ àti àìsàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ẹ̀yin àtàwọn òṣìṣẹ́ yín, Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín lókun. Lẹ́tà bàbá kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tí wọ́n ní onígbàgbọ́ tí àìsàn bá ń bá fínra ọdún dé ọdún kó lọ tún ara ẹ̀ yẹ̀ wò, pé bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ tó fi pamọ́, á jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ ni ò tó nǹkan, torí Ọlọ́run kì í purọ́. Mi ò mọ bàbá náà, mi ò sì bínú sí wọn, àgbà ni wọ́n, ó sì hàn nínú ọ̀rọ̀ wọn pé wọ́n fẹ́ràn Olúwa. Àmọ́ àwọn tó máa ka lẹ́tà yẹn níbi tí wọ́n ti jókòó ti aláìsàn pọ̀ gan-an, kò sì dáa kó jẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn nìkan ni wọ́n máa rí kà.

Èmi gan-an wà lára wọn. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, àkọ́bí mi obìnrin sì jẹ́ síkúlà. AS ni mí, AS ni bàbá ẹ̀, ìyẹn ni pé àwa méjèèjì ru síkúlà nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn; SS ni ẹni tó ní àìsàn náà fúnra ẹ̀. Nígbà tá a fẹ́ra, kò tíì wọ́pọ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì máa béèrè jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń béèrè báyìí kí wọ́n tó gbà láti so wọ́n pọ̀, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n ń béèrè, torí bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, kì í ṣe pé tí ọ̀kan bá ti jẹ́ SS mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn o, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dà á tuntun. Àwọn míì bí mẹ́rin tí kò sí SS níbẹ̀ rárá, àwọn míì bí méjì tí méjèèjì jẹ́ SS. Ẹ bá mi wo ìyẹn dáadáa. Ta ló dẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀?

Ẹni tí kò bá tíì rí kíráísíìsì rí, ìyẹn ìgbà tí ìrora síkúlà bá dé, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto kó máa yọ̀ kọjá nínú iṣan, ti àwọn tó ní síkúlà á tẹ̀, á gan, á wá dí ojú iṣan pa, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti rí ọ̀nà kọjá ló máa ro wọ́n débi tí igbe á fi tán lẹ́nu wọn. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, àti tí ibà bá dé, àti tí ọmọ bá sáré jù níléèwé tí kò sì mumi. Òru ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé tiwa. Ọmọ mi á kọ́kọ́ dákẹ́, torí kò fẹ́ jí àwọn àbúrò ẹ̀, á fi eyín di etí aṣọ tó dà bora mú, ìgbà tí màá fi gbọ́, ó ti ń gbọ̀n. Màá rọ omi gbígbóná sínú ike, màá fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, màá gbé e ti orúnkún ẹ̀, á ní kí n gbé e kúrò, á tún ní kí n gbé e padà. Tí kò bá rọlẹ̀, ó di ọkadà lóru, ó di ọsibítù, nọ́ọ̀sì á máa wá iṣan tó máa fi dírípù sí, ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ ti le láti ara abẹ́rẹ́ àtẹ̀yìnwá, wọ́n á gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, wọ́n á wá a títí, wọ́n á fi í sílẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀. Àwọn àgbà tó ń pè é ní fòní-kú-fọ̀la-dìde mọ ohun tí wọ́n rí, torí lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọmọ yẹn á tún máa bá àwọn àbúrò ẹ̀ jà lórí rìmóòtù.

Bí èèyàn bá wà nínú irú nǹkan báyìí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá kí i. Ohun tó dáa ni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n bá mi tọ́jú àwọn tó wà nílé, Ọlọ́run ò ní gbàgbé wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti jókòó tán, ẹnì kan á sún mọ́ mi, á ní màmá, ẹ kíyè sí ìyá ọkọ yín o. Ẹlòmíì á ní ẹ lọ gbààwẹ̀ gbígbẹ. Ẹlòmíì á ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń yọ ọmọ yẹn lẹ́nu. A ní a ti fi ìbọ̀rìṣà sílẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ àbíkú ṣì wà lẹ́nu wa pérépéré, àfi pé a ti fi olífì rọ́pò gbẹ́rẹ́. Àwọn bàbá wa tó ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ nígbà yẹn ò ní mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni ìṣòro, mi ò dá wọn lẹ́bi. Babaláwo ayé ìgbà yẹn tiẹ̀ sàn, ó kéré tán, ó máa kọ́kọ́ dá Ifá kó tó sọ ẹni tó ń ṣe é, àwọn tiwa ò dá nǹkankan, wọ́n kàn ti mọ̀ ni.

Ibi tó ká mi lára jù kọ́ nìyẹn. Obìnrin kan tó ń gbàdúrà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀, ó ní kí ọmọ yìí yẹ ọkàn ara ẹ̀ wò, pé àìgbọràn a máa dínà ìwòsàn. Nígbà tó lọ tán, ọmọ mi bi mí pé, "Mummy, ṣé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni?" Mo ní rárá. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo rò ó, mo rò ó, mo wá ní Jésù fúnra ẹ̀ bi Bàbá ẹ̀ lórí àgbélébùú pé èé ṣe tó fi kọ òun sílẹ̀, kò sì sí ibì kankan nínú Mátíù tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣé Bàbá ẹ̀ ń bínú sí i ni? Ó wò mí fúngbà díẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n fún òun lómi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sínú Bíbélì o, torí bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn, Bíbélì ni wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi Jésù ni pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, ṣé ọkùnrin yìí ni àbí àwọn òbí ẹ̀, Jésù sì ní kì í ṣe ọkùnrin yìí, kì í sì í ṣe àwọn òbí ẹ̀. Lúùkù 13, ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Jésù tún ní ẹ má rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló pọ̀ ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú gèlè àti aṣọ ara ẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn tí ara wọn ń yá, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19 ló wà, Pọ́ọ̀lù yẹn kan náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé òun fi Trófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Ó fi í sílẹ̀ nínú àìsàn! Kò sọ pé Trófímù ò nígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún tó wà nínú ara ẹ̀, èsì tó rí gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ńkọ́? Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, torí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ká ní wọ́n dìde lọ sílé lọ́jọ́ keje yẹn, à bá máa fi orúkọ wọn sọ ọmọ. Ìgbà tí wọ́n lanu ni nǹkan bà jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà Ọlọ́run, wọ́n ń ṣàlàyé ìdí, tí Jóòbù ní tiẹ̀ ń kígbe, ó ń jiyàn, ó ń fi ọjọ́ ìbí ara ẹ̀ ré. Tẹ́ ẹ bá sì ka orí tó kẹ́yìn, àwọn tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti sọ, Jóòbù tó ń ráhùn yẹn ló tún wá bá wọn gbàdúrà kí wọ́n tó rí ojúrere.

Ohun tó dá mi lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mi ò sì rò pé ó yẹ kó ṣòro láti gbà: ẹni tó ń sunkún kọ́ ló ń gbéra ga sí Ọlọ́run o, ẹni tó ní òun mọ ìdí tí ọmọ ẹlòmíì fi ń ṣàìsàn ni kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò. Torí kéèyàn tó lè sọ ìyẹn, á ti jókòó síbi tí Ọlọ́run jókòó sí.

Èlí àlùfáà ṣe bẹ́ẹ̀ sí Hánà. Obìnrin tí ojú ń pọ́n, tí orogún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá síwájú Olúwa, ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ẹ̀ ò jáde, Èlí ní ọtí ló mu. Pásítọ̀ rí omijé, ó pè é ní ọtí! Mo máa ń rò ó pé ká ní èmi ni Hánà ni, ǹ bá jà lọ́jọ́ yẹn. Hánà ò jà, ó ní rárá olúwa mi, obìnrin onírora ọkàn ni mí, mo ń tú ọkàn mi jáde níwájú Olúwa ni. Ẹ ò rí i pé òun ló rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe Èlí tó wà lórí àga.

Àwa ará Iléṣà ò lè sọ̀rọ̀ ìwòsàn ká má dárúkọ Òkè-Ooye, níbí ní Iléṣà tí ìsọjí ńlá ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ CAC (Christ Apostolic Church) ni mí, wọ́n bí mi sínú ẹ̀ ni. Ìyá àgbà mi máa ń sọ ti 1930 fún wa, bí èrò ṣe ń rọ́ wá láti ìlú gbogbo sọ́dọ̀ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, pẹ̀lú agogo àti omi tí wọ́n gbàdúrà sí, mi ò jẹ́ jiyàn pé Ọlọ́run ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n ò lè jiyàn ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn náà. Wòlíì tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún PWD, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928, ní 1932, nígbà tí iná ìsọjí yẹn ṣì ń jó, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n jù ú sí ní Benin. Ọdún 1959 ni wọ́n sun sínú Olúwa, wọn ò ju ẹni ọdún 55 lọ. Ṣé a ó wá sọ pé ìgbàgbọ́ Babalọlá ni kò tó? Ta ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́? Kó dìde ká rí i.

Ìlú yìí kan náà ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ọsibítù Wesley Guild sí. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti lọ ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé láwọn ọdún 1950, òun ló ń wọn ọmọ lóṣooṣù tó ń fi àmì sórí káàdì kí ìyá lè rí i fúnra ẹ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà dáadáa, káàdì yẹn sì ti tàn ká ayé. Èmi ò rí ìjà láàárín Òkè-Ooye àti Wesley o. Ọmọ mi ń lo fólíkì ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, ó ń mumi bí ẹni tí ń mumi fún ìdíje, mo sì ń gbàdúrà lé e lórí kó tó sùn. Ẹni tó ní kí n dáwọ́ oògùn dúró kí ìgbàgbọ́ mi lè hàn, ohun tó ń sọ ni pé kí n fi ara ọmọ mi ṣe ìdánwò fún Ọlọ́run, Jésù sì ti kọ irú ẹ̀ lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì.

Kí n wá sọ tàwa tí ìyà ń jẹ gan-an, torí kì í ṣe àwọn tó ń wá bẹ̀ wá wò nìkan ni ìgbéraga máa ń mú. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà mọ àwọn òṣómàáló. Àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn, aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè, wọn ò ní gba ìjókòó, wọn ò ní gba oúnjẹ, wọn ò ní dìde àfi tí owó bá jáde. Aṣọ lèmi náà ń tà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè, mo sì mọ̀ pé àdúrà ọ̀pọ̀ wa, bá a ṣe ń gbà á nìyẹn. Olúwa, mo ti gbààwẹ̀, mo ti san ìdámẹ́wàá, mo ti gbálẹ̀ ilé rẹ, mo ti fún wòlíì ní nǹkan, ó yá, tèmi dà? A ti lóṣòó. Bí kò bá sì dáhùn lọ́jọ́ tá a dá fún un, a bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Àmọ́ ìgbà wo ni Ọlọ́run rajà àwìn lọ́wọ́ wa?

Ẹnì kan á ní opó inú Lúùkù 18 ńkọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ títí tó fi gbọ́ tiẹ̀, Jésù náà ló pa òwe yẹn, ó ní ká máa gbàdúrà ká má ṣàárẹ̀. Òótọ́ ni, mo fọwọ́ sí i, èmi náà ò ṣíwọ́. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni opó yẹn ń bẹ̀, kò ní ìwé gbèsè lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta iwájú iná ìléru ló tètè yé mi jù, wọ́n ní Ọlọ́run wa lè gbà wá, wọn ò ṣiyèméjì, wọ́n wá fi kún un pé ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní sin òrìṣà rẹ. Ìdajì àkọ́kọ́ la máa ń kọ lórin. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́" yẹn, mi ò tíì gbọ́ ọ kí wọ́n fi ṣe àkòrí ìṣọ́ òru rí.

Mi ò sọ pé kéèyàn máa rẹ́rìn-ín sí ìrora o. Àwọn kan á ní onígbàgbọ́ kì í sunkún, ẹ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa jí i. Sáàmù 88, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìdúpẹ́ níbẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́. Èmi máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lóru ní ohùn tí mi ò ní lè fi bá pásítọ̀ mi sọ̀rọ̀. Mi ò sì dúpẹ́ fún síkúlà, mi ò lè purọ́, mo ń dúpẹ́ nínú ẹ̀ ni.

Ẹsẹ tó ń gbé mi dúró ni ti 1 Pétérù 5, wọ́n sábà máa ń ka ẹsẹ 6 lọ́tọ̀, wọ́n á ka ẹsẹ 7 lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ rẹ ara yín sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ agbára Ọlọ́run, kí ẹ máa kó gbogbo àníyàn yín lé e. Kíkó àníyàn lé e yẹn gan-an ni ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀hún. Agbéraga kì í lè kó tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, òun fúnra ẹ̀ á máa rù ú, á máa ṣírò, á máa wá ẹni tó fà á, á máa dọdẹ ìyá ọkọ. Ọwọ́ tó wà lórí mi wúwo nígbà míì, mi ò ní parọ́, mi ò sì mọ ìdí, àmọ́ Pétérù ní ọwọ́ yẹn náà ló ń tọ́jú mi. Ẹsẹ 9 ní ìyà kan náà ni àwọn ará yín káàkiri ayé ń jẹ, ìyẹn náà máa ń tù mí nínú ju bó ṣe yẹ lọ, pé kì í ṣe ilé mi nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Orílẹ̀-èdè wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ọmọ síkúlà jù láyé. Lọ́jọ́ kíníìkì, ẹ ó rí àwọn ìyá lórí bẹ́ǹṣì, Mùsùlùmí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa mọ orúkọ oògùn ju orúkọ ọ̀gá dókítà lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bẹ àwọn pásítọ̀ wa, ẹ̀yin Olóòtú, kí wọ́n tẹra mọ́ jẹ́nótáìpù tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, àmọ́ tí wọ́n bá wá kí ẹni tó ti bí i, kí wọ́n jókòó. Wọ́n lè kọrin kan, wọ́n lè gbàdúrà pé kí Olúwa wò ó sàn, àmín ni màá ṣe, àmín tó rinlẹ̀. Kí wọ́n kàn má wá ìdí lára ọmọ.

Ní ti bàbá tó kọ lẹ́tà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí wọn. Nígbà míì ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, dókítà á ní ká wá ẹ̀jẹ̀, ibi ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ á sì ní ká mú èèyàn wá tó máa fa tiẹ̀ dípò èyí tá a gbà, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì máa ń ba àwọn ará ilé wa, àwọn ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, àmọ́ wọ́n ní nínú lẹ́tà wọn pé ẹgbẹ́ ọkùnrin ni àwọn ń darí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló lè fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. O positive lọmọ mi, O ló sì lè gbà o.

Èmi ni tiyín,
Màmá Ọlá,
Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà.